Òwú Pupa Ọrùn Kámẹ́rà

"Ó ti há." Motọ́lání tún fi àtàńpàkò ti irin kékeré orí kámẹ́rà náà, ṣùgbọ́n irin ọ̀hún kọ̀, kò lọ síwájú mọ́.

Àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ti pé lé e lórí lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé-ìwé wọn ní àdúgbò Ogui. Ọjọ́rú ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò ìkẹyìn tán, wọ́n sì ti fi bírò kọ orúkọ ara wọn sára ẹ̀wù ara wọn títí ẹ̀wù funfun fi dà bí ìwé àjákọ.

"Nne, ṣọ́ra o," Adanna, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, wí. "Bàbá yín àgbà á pa ẹ́."

"Ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ ká wò ó!" Kelechi ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Nǹkan àtijọ́ báyìí, bóyá eku ló bímọ sínú ẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ara Motọ́lání kò lélẹ̀. Ọmọ tí kì í lè dúró kí ọ̀kpa, oúnjẹ bíi mọ́ínmọ́ín, tutù kó tó bù ú jẹ ni. Ó fa kókó kékeré orí kámẹ́rà náà sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí, pákà! Kò sí eku níbẹ̀. Fíìmù ló wà níbẹ̀, ó ká roboto, ó ń dán nínú oòrùn tó ń gba àárín ewé máńgòrò wọlé.

Ìgbà náà ló rántí òwú pupa. Ó pa á dé, gbàgà, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́ àgbàlagbà.

Kámẹ́rà mọ́kànlá ni Bàbá Akínkúnlé, bàbá tó bí bàbá rẹ̀, tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì nínú pálọ̀. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ibikíbi tí iṣẹ́ bá sì gbé e dé, kámẹ́rà ló máa ń rà bọ̀. Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, á kó wọn sórí tábìlì, á fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù wọ́n, á sì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó ṣófo lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n má baà gbàgbé iṣẹ́ wọn.

Mẹ́wàá nínú wọn ṣófo. Ẹyọ kan ṣoṣo ni fíìmù wà nínú rẹ̀, òun ni Bàbá sì so òwú pupa mọ́ lọ́rùn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i, torí ìmọ́lẹ̀ ni í pa àwòrán inú fíìmù rẹ́. Ojú Màmá Olúbísí, ìyàwó rẹ̀, ló kún inú fíìmù náà. Àwòrán mẹ́rìndínlógójì ni fíìmù ọ̀hún gbà. Bàbá ti ya mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà tí Màmá dákẹ́ ní ọdún tó kọjá, láti ìgbà náà ni kò sì ti fi ya fọ́tò mọ́. Ó ní ọjọ́ ìrántí ọdún kan, Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, lòun máa ya márùn-ún tó kù, kí òun tó fọ̀ ọ́.

"Àwòrán ìkọgbọ̀n, tìẹ nìyẹn, Àjíkẹ́," ni bàbá máa ń sọ fún Motọ́lání. "Ìwọ àti ìyá rẹ àgbà, ẹ di ara yín lọ́wọ́ mú. Kò sí irú ẹ̀ nínú fóònù ẹnikẹ́ni."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú fọ̀ ọ́ lónìí, sà!"

"Sùúrù, ọmọ mi."

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé kò fàyè gba fóònù, àwọn ọmọ kíláàsì sì ń fẹ́ fọ́tò ìdágbére. Kelechi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: "Ìwọ tó ò ń fi kámẹ́rà mọ́kànlá yangàn, mú ọ̀kan wá, àbí irọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Àwọn mẹ́wàá yòókù kò ní fíìmù, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ki fíìmù sí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé fíìmù tuntun ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, Bàbá á fi ìyẹn ya ti ìrántí, márùn-ún péré lòun fẹ́. Ó tú òwú pupa. Ó ya márùn-ún. Ìgbà tí ó ya èyí tó kẹ́yìn tán ni irin kọ̀: kò há rárá, fíìmù ló parí. Ẹni tí fóònù tọ́ dàgbà, báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jọ wọ̀ lọ sílé, Kelechi gbà á nímọ̀ràn. "Panu mọ́. Arúgbó ni wọ́n. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan, wọ́n á ní fíìmù náà ti pẹ́ jù ni."

Adanna kò rẹ́rìn-ín. "Èmi o, màá sọ ní tèmi."

"Ṣé bàbá ẹ ni?" ni Motọ́lání fi dá a lóhùn, ó sì gbójú sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ó dá kámẹ́rà padà nígbà tí Bàbá ń tòògbé lórí àga. Ó so òwú pupa. Ó tú u, ó tún un so. Lẹ́yìn náà ni àìbalẹ̀-ara bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ mú kámẹ́rà náà jáde, ó yọ ọ́ kúrò nínú àpò awọ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní òun ń múra sílẹ̀ fún ìrántí Màmá. Motọ́lání kúnlẹ̀ kí i, bàbá sì ki í bó ti máa ń ki í:

"Àjíkẹ́, òpó ilé mi,
ọmọ Olúbísí a-rẹ́rìn-ín-fọwọ́-bẹnu,
ọmọ ẹni tá a rí tí oúnjẹ ń wu ni í jẹ.
O jíire bí?"

"A dúpẹ́, sà."

Ó gbá pálọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó gbàgbé garawa, ó padà wá mú un, ó tún gbàgbé ohun tó wá ṣe. Níbi àdúrà ìdílé, nígbà tí Bàbá ní kí Ọlọ́run mú irọ́ jìnnà sí ilé yìí, kò bá wọn ṣe "Àmín". Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá rẹ̀, Ngozi, ju ṣíbí sínú ìkòkò.

"Motọ́lání, biko, jókòó! Ò ń rìn kiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

Kámẹ́rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gbogbo ìgbà tó bá kọjá, ó máa ń ṣe bí ẹni pé kò rí i.

Sátidé dé. Bàbá gbàdúrà, ó nu mẹ́wàá, ó tẹ mẹ́wàá. Ó wá mú olówú pupa náà, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Ngozi, ìyàwó mi, wá bá mi wò ó. Nọ́ńbà wo ló wà lókè yìí?"

"Òdo ni, Bàbá."

"Òdo kẹ̀? Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Kì í padà sí òdo àfi tí wọ́n bá ṣí i." Bàbá rọra jókòó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Lóṣù tó kọjá, inú fìríìjì ni mo fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ọpọlọ mi ló ń lọ yìí. Ọlọ́run mi, ṣé ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ojú Olúbísí rẹ́?"

Kò sí ẹni tó wo Motọ́lání. Kò sí ẹni tó fura. Bí Kelechi ṣe wí i gan-an ló rí: tí ó bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n bàbá tó mọ orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin láti Port Harcourt dé Kaduna ń wo orí ara rẹ̀ bí ohun tó ti bàjẹ́.

Motọ́lání fi eékún méjèèjì wólẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni. Orí yín pé, sà. Èmi ni mo jí i gbé, èmi ni mo ṣí i."

"Chineke!" Ngozi káwọ́ lérí.

Bàbá kò pariwo. "Ìgbà wo?"

"Ọjọ́rú, sà. Nínú oòrùn. Kò tó kí èèyàn ka ení, èjì."

"Ṣé o ká fíìmù padà sínú ilé rẹ̀ kó o tó ṣí i?"

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ká a, sà."

Bàbá fi èékánná tọ etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kámẹ́rà náà. Èékánná wọlé. Ilẹ̀kùn náà kò padé dáadáa láti ọjọ́ yẹn! Bàbá bọ́ kóòtù rẹ̀ lójijì, ó fi bò ó. "Ọjọ́ mẹ́ta lójú fèrèsé! Ká ní alẹ́ Ọjọ́rú lo ti sọ fún mi, Àjíkẹ́, ìdajì rẹ̀ ìbá wà. Ìmọ́lẹ̀ ń jẹ ẹ́, ìwọ ń gbálẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ró ju ìgbájú lọ. Bàbá mí kanlẹ̀. "Fíìmù ká bí ẹní. Ìta rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jóná. Àwọn tí mo kọ́kọ́ yà ló wà láàárín. Dìde. Mú àpò dúdú wá."

Àpò náà ní apá méjì bí ẹ̀wù, ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú rẹ̀. Bàbá kó kámẹ́rà, sísọ́ọ̀sì àti agolo ìfọ-fíìmù sínú rẹ̀. "Ọwọ́ mi kò gbà á mọ́. Tìẹ ló máa ṣe é."

"Bàbá, màá tún bà á jẹ́!"

"Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò rí nǹkan kan, ohùn Bàbá nìkan ló ń tọ́ ọ. Ó ṣí i, ó fa fíìmù jáde, ó wá bí yóò ṣe ki ẹnu rẹ̀ bọ inú kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n ń ká a sí. Ó há. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó fi agbára tì í.

"Má tì í. Dúró. Gbàdúrà díẹ̀, kó o tó tún un mú."

Ó dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́rú, ó dúró. Ó tún un mú, ó sì yí wọlé jẹ́jẹ́.

Nígbà tí oògùn àti omi ṣe tiwọn tán, Bàbá gbé fíìmù tútù náà sójú fèrèsé. Dúdú. Dúdú. Àwòrán ìdágbére márààrún, dúdú kirimú. Ìkọgbọ̀n náà, dúdú. Motọ́lání fi ìka kan ibẹ̀. Àfi nígbà tí wọ́n dé ìpẹ̀kun kejì ni dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, àwòrán mẹ́rin sì yọ. Nínú ẹ̀kẹta, obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Olúbísí," ni Bàbá wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn ìrántí, Bàbá ki fíìmù tuntun bọ kámẹ́rà, ó sì gbé e lé Motọ́lání lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí. Ó ya Bàbá níwájú àwòrán Màmá. Adanna, tó bá wọn wá síbi ìrántí náà, ti na ọrùn.

"Jẹ́ kí n rí i!"

"Ó di ìgbà tá a bá fọ̀ ọ́."

"Ìwọ náà? Ìwọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Motọ́lání rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì so òwú pupa mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, àṣìṣe ìṣẹ́jú kan ló mú díẹ̀ lọ nínú fíìmù náà. Ọjọ́ mẹ́ta tó fi panu mọ́ ló mú ìyókù lọ. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe, ẹ tètè sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín, nígbà tí nǹkan kan ṣì ṣẹ́ kù láàárín.