Eegun Kan Tí Akọ́ládé Kò Tẹ̀

Ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ilé ni wọ́n fi gbé Dárasími dé ọ̀dọ̀ Akọ́ládé ní Ọ̀sì. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lọ́nà Obbo-Ilé, eegun ìdí rẹ̀ sì fọ́. Ó ki etí gèlè bọ ẹnu kó má baà ké, omijé sì ń ṣàn wọ etí rẹ̀.

"Ẹ má wò mí báyẹn," ó ní. "Tíṣà ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo sunkún."

Akọ́ládé rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

Iṣẹ́ eegun títò ni baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Bí eegun ìdí bá fọ́, kí wọ́n lè mọ gbogbo ibi tó ti fọ́, wọn a tẹ ṣóńṣó ìbàdí lọ́tùn-ún lósì, wọn a tẹ eegun tí a fi ń jókòó àti eegun ìrù, wọn a wá tẹ eegun iwájú nísàlẹ̀ ikùn. Bó bá jẹ́ ọmọge, àgbà obìnrin ló ń tẹ ti iwájú yẹn. Ìyá Akọ́ládé ló máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti lọ sìnkú ní Ìlọ́fà. Ojú ti Akọ́ládé láti pe obìnrin mìíràn, ló bá fò ó. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, Akọ́ládé sọ fún un pé òun ti tẹ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni Dárasími fi dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Akọ́ládé ń se ọbẹ̀ fún un, Dárasími náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iyọ̀ ò mọ ilé rẹ̀. Kí ó tó dìde, ìfẹ́ ti mú àwọn méjèèjì pátápátá.

Ṣùgbọ́n Dárasími ń tiro. Fọ́tò eegun tí wọ́n yà fún un ní ọsibítù kan ní Ìlọrin fi hàn pé eegun iwájú ti fọ́, ó sì ti jiná ní wíwọ́. Dókítà ní ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà ti há, iṣẹ́ abẹ nìkan ni yóò lè fi bímọ.

"Àmúwá Ọlọ́run ni," Dárasími ń tu Akọ́ládé nínú.

Baba Dárasími ti gba Akọ́ládé ní àna. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọn yóò kéde ìgbéyàwó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Akọ́ládé bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Àmọ́ kò lè jẹun mọ́.

"Olólùfẹ́ mi, kì í ṣe Ọlọ́run. Èmi ni. Mi ò tẹ eegun yẹn, mo sì purọ́ fún ìyá mi."

Dárasími ní, "Ṣé torí ẹ̀ lo ṣe fẹ́ fẹ́ mi? Kó o lè fi tù mí lójú?"

"Mo ti fẹ́ràn rẹ kí n tó mọ̀."

"Máa lọ."

Ó lọ. Wọn ò kéde kankan. Oṣù mẹ́ta gbáko, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Bí ó bá ń to eegun ẹlòmíràn, a tẹ eegun kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Dárasími tiro wọlé pẹ̀lú àpò aṣọ. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Mo ti sọ fún bàbá mi. Ó ń dúró dè ọ́ pé kó o wá fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

"Màá lọ. Ṣé o ti dárí jì mí ni?"

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán, Akọ́ládé. Ilé rẹ ni mo ti fẹ́ parí ẹ̀."