Kọ́kọ́rọ́ Tí Kò Ní Àmì

Sherifa gé kọ́kọ́rọ́ kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àlhájì Tàjùdíìnì, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, ti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un. Ṣọ́ọ̀bù onípákó kékeré kan ni, ní ẹ̀gbẹ́ títì ní àdúgbò Darkuman. Ẹ̀rọ tí ń gé kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀, àti ayùn irin oríṣiríṣi, àti àwọn kọ́kọ́rọ́ tí a kò tíì gé tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Afua, tó ń gbé ní ilé kejì, sáré wọlé, ó sì na kọ́kọ́rọ́ kan sí i.

"Ṣálẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, bá mi gé irú èyí kíá. Màámi wà nílé ìwẹ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ ibo nìyẹn?"

"Ti yàrá tó ti ń ránṣọ ni. Ó gba fóònù mi, ó tì í mọ́ ibẹ̀. Ó ní ó di ìgbà tí mo bá ṣe ìdánwò àṣekágbá tán."

"Ṣé ó mọ̀ pé o mú un wá?"

Afua bú sẹ́rìn-ín. "Bó bá mọ̀, ṣé mo ṣì máa dúró níwájú rẹ báyìí? Ẹ̀yin Yorùbá tí à ń pè ní Alata yìí, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù. Fóònù tèmi ni mo fẹ́ lọ wò. Mi ò ní mú nǹkan ẹnikẹ́ni."

Sherifa mọ òfin Àlhájì. Kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni sórí ẹ̀rọ, yóò béèrè pé, "Ta ló ni ilẹ̀kùn?" Bí kì í bá ṣe ẹni tó mú un wá, olúwarẹ̀ yóò padà lọ pe onílẹ̀kùn. Lẹ́yìn tó bá gé e tán, yóò fi ayùn fa ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́ta sí orí rẹ̀. Àmì ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ tó bá ní àmì yẹn, Àlhájì ni yóò dáhùn fún un níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i.

Sherifa gé kọ́kọ́rọ́ náà. Nígbà tó mú ayùn láti fi àmì sí i, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mọ̀ nígbà náà pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Kò fi àmì sí i. Ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lé Afua lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Láti ìgbà tó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún tó kọjá ló ti sọ pé iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni òun fẹ́ ṣe. Ìyá rẹ̀, Àgbékẹ́, kò gbà á gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. "Ta ló máa pe ọmọbìnrin wá ṣí ilẹ̀kùn?" ni ó ń sọ. Sherifa wádìí. Àwọn kan ń kọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n á kàn máa ba àgádágodo jẹ́ ni. Àwọn kan ń lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan sì wà ní ìlú Tema tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ilẹ̀kùn tí a ń fi káàdì tàbí nọ́ńbà ṣí.

Àlhájì ló là á yé e. "Wá kọ́ kọ́kọ́rọ́ onírin lọ́dọ̀ mi ná," ni ó wí. "Lẹ́yìn náà, lọ sí Tema. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kò pè mí mọ́, nítorí n kò mọ ilẹ̀kùn oníkáàdì. N kò fẹ́ kí o jókòó síbi tí mo jókòó sí."

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ Tema kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀ka iṣẹ́ ilẹ̀kùn bí kò bá ní ọ̀gá tí yóò ṣe onídùúró fún un. Bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn tó wà ní títì ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ irú ẹni tí àwọn ń kọ́. Àlhájì ti ṣèlérí pé òun yóò bá Sherifa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ Jímọ̀ náà, Ìyá Afua ti ọjà Kaneshie dé, ó bá yàrá ìránṣọ rẹ̀ ní ṣíṣí. Aṣọ kente ìgbéyàwó tí ìyàwó tuntun kan kó wá fún rírán ti lọ. Kọ́kọ́rọ́ kan tí kò mọ̀ rí wà lára ilẹ̀kùn. Gbogbo ilé jáde. Wọ́n fura sí Yusif, káfíńtà tó ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn, nítorí òun ló tún ilẹ̀kùn náà ṣe, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún odindi ọ̀sán kan. Wọ́n fà á wá sí ṣọ́ọ̀bù Àlhájì. Afua tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

"Àlhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí," ni Ìyá Afua sọ ní èdè Twi. "Ṣé ọwọ́ yín ló ti jáde?"

Àlhájì yí kọ́kọ́rọ́ náà síwá sẹ́yìn. "Kò ní àmì mi. Kò jáde láti ṣọ́ọ̀bù yìí. Mo fi orúkọ mi sọ ọ́."

"Ẹ ò gbọ́ bí?" ni ayálégbé kan wí. "Ta ló tún ní ayùn ní ilé wa?"

"Igi ni mo ń gé!" Yusif kígbe. "Ẹ wo ọwọ́ mi. Igi!"

"Lọ ṣàlàyé igi fún ọlọ́pàá."

Sherifa wo Afua. Afua ń wo ilẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni òun àti Àlhájì yóò lọ sí Tema. Kò sí ẹni tó bi Sherifa léèrè ohunkóhun, kò sì sí ẹni tí yóò bi í. Ó mọ èyí dájú. Ó tún mọ̀ pé ọ̀gá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ lé irọ́ lórí, nítorí ó fọkàn tán òun.

"Ọ̀gá, èmi ni mo gé e."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Kí ló dé tí kò ní àmì?" ni Àlhájì béèrè.

"Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n gé e."

Àlhájì dìde. Ìyá Afua ló kọjú sí, kì í ṣe Sherifa. "Irọ́ ni mo pa fún yín. N kò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ti jáde. Ẹ foríjì mí. Ẹ fi Yusif sílẹ̀."

Afua bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó jẹ́wọ́ pé òun ṣí ilẹ̀kùn láti lọ wo fóònù òun, ẹnìkan pe òun ní ìta, òun sì sáré jáde, òun gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn. Ẹni tó kó aṣọ náà, wọn kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Ìyá Afua fúnra rẹ̀ lọ bẹ ìdílé ìyàwó.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, Àlhájì kò múra ìrìn àjò.

"N kò lè dúró fún ọ lọ́dún yìí," ni ó wí. "Wọn yóò bi mí bóyá o máa ń béèrè ẹni tó ni ilẹ̀kùn. Kí ni kí n sọ?"

"Ṣé ẹ lé mi ni, Ọ̀gá?"

"Ká ní o dákẹ́ ni, ǹ bá ti lé ọ. Máa bọ̀ lárààárọ̀ bí o ṣe ń ṣe. Má fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí n ó fi sọ fún ọ."

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fún un ni pé kó lọ pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn Ìyá Afua, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kó kọ́kọ́rọ́ tuntun lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà gbà á. Lẹ́yìn èyí, Sherifa ń tú àgádágodo àlòkù, ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń tò wọ́n padà. Àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Tema ti wọlé, wọ́n ń fi àwòrán ara wọn ránṣẹ́. Ní àkọ́kọ́, ojú ń tì í. Àgbékẹ́, ìyá rẹ̀, wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlhájì pé kò lé ọmọ òun, ojú tún tì í sí i. Díẹ̀díẹ̀, ọpẹ́ gba ipò ìtìjú náà. Ìka rẹ̀ ti mọ inú àgádágodo débi pé kò nílò ojú láti tò ó. Kò rò pé òun ì bá mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ ká ní òun ti tètè lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Yusif wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àlhájì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. "Sherifa, dá a lóhùn."

"Bá mi gé irú èyí," ni Yusif wí.

"Ta ló ni ilẹ̀kùn?"

"Ìwọ yìí náà! Ṣé o kò mọ ilẹ̀kùn mi ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń béèrè."

Yusif rẹ́rìn-ín. "Èmi ni, ìyáàfin ọlọ́pàá. Àti pé o ṣeun. N kò tíì sọ ọ́ fún ọ rí."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo kó ọ sí wàhálà náà."

"O kó mi sí i, o sì yọ mí. Èyí tó kẹ́yìn ni mo ń dúpẹ́ fún."

Sherifa gé kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

"Fi àmì sí i," ni Àlhájì wí.

Nígbà tí ọdún yípo, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ lọ sí Tema. Olùkọ́ tó gbà wọ́n, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí, bi Àlhájì bóyá ó lè ṣe onídùúró fún ọmọ náà. Àlhájì sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àmì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sherifa jókòó tì í, kò gbójú sókè.

"Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ ṣì fẹ́ dúró fún un?" ni olùkọ́ náà béèrè.

"Nítorí èyí gan-an ni. Àwọn tó kù, n kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ti ẹni yìí, mo ti rí i."

Sherifa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó tún dúpẹ́ nígbà tí wọ́n dé Darkuman. Ó ti yé e pé ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́, ilé onílé ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, àti pé àìbéèrè rẹ̀ lè sọ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ di olè.

Ilé ẹ̀kọ́ náà gbà á wọlé. Ó fi ọdún kan kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.