Ẹ̀gbọ́n Tó Ti Àbúrò Mọ́lé

"Olè! Olè burúkú! O jí ṣéènì wúrà mi!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mú nǹkan kan! Mo fi ìyá wa búra!"

"Pa ẹnu ẹ dé! Mo ti pe ọlọ́pàá. Wọ́n ń bọ̀!"

Ọlọ́pàá! Àbúrò tó jẹ́ aránṣọ dì mọ́ máṣínì ìránṣọ rẹ̀ bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà á: "Ẹni tí kò níwèé lọ́wọ́, bí ọlọ́pàá bá rí i, ẹ̀wọ̀n ni!" Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n yìí fúnra rẹ̀ ló gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ́jọ́ tó mú un dé ìlú òkèèrè yìí. Ẹ ò rí ìkà bí? Ó ní òun máa ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ ló ṣí fún un, ó sì tì í padà láti ìta kó máa ránṣọ fún òun!

Kí ló wá dé lónìí? Owú ni! Ìyàwó tuntun kan wá gba aṣọ ìgbéyàwó, ó yọjú sẹ́yìn nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó rí ẹni tó ń rán an. "Háà! Mo rò pé ọ̀gá ló ń rán an! Ọwọ́ yìí mà dára o!" Ọ̀rọ̀ yẹn gún ẹ̀gbọ́n dé eegun. Ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ń yìn lè ronú àtilọ. Ló bá ki ṣéènì ara rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí àbúrò rẹ̀, ó ké sí ọlọ́pàá kí wọ́n wá dẹ́rù bà á, kó lè jókòó jẹ́ẹ́ títí ayé. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í sọni di wèrè!

Gbà! Gbà! Gbà! Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

Ọlọ́pàábìnrin kúkúrú kan wọlé, ìwé àti bírò lọ́wọ́. "Ta lẹ ní ó jalè?"

"Òun rèé!" Ẹ̀gbọ́n lọ tààrà sábẹ́ ìrọ̀rí, ó fa ṣéènì yọ. "Ẹ wò ó! Ó fẹ́ lọ tà á ni!"

"Ìgbà wo ló ń jáde tó fi máa tà á?"

"Jáde kẹ̀! Ọ̀gá, ṣé mo jọ aláìbìkítà ni? Ọdún mẹ́ta, kò gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá rí! Ẹ wo àgádágodo mi!"

"Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ńkọ́?"

"Nínú àpótí mi! Ṣé èèyàn máa ń fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn ni? Wọ́n á sá lọ! Èmi ni mo mú un wá, èmi ni mo ni ín. Ẹ kọ ọ́ dáadáa o!"

"Mò ń kọ ọ́, mà. Ẹ lọ mú ìwé náà wá."

Ó sáré mú un wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá gbà á, ó fa ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ yọ.

"Ó yá, na ọwọ́!" ẹ̀gbọ́n jágbe mọ́ àbúrò rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ méjèèjì, ó dijú pinpin. Kọ̀ọ̀! Irin dún. Àmọ́ irin náà kò kan ọwọ́ rẹ̀. Ó lajú. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nínú irin!

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo pè yín?"

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè wá. Ẹnu ara yín lẹ fi sọ ọ́: ẹ mú un wá, ẹ gba ìwé rẹ̀, ẹ tì í mọ́lé, ẹ ń fi ṣiṣẹ́. Fífi èèyàn ṣòwò ni òfin ń pè é."

"Èmi ńkọ́?" Aránṣọ ló bèèrè. "Ẹ máa mú èmi náà, àbí?"

"Rárá o, àbúrò mi. Òfin kì í fìyà jẹ ẹni tí wọ́n fi ṣòwò. Ilé ààbò wà, lọ́yà wà tí o ò ní sanwó fún, wọn ò sì ní dárúkọ rẹ ní gbangba. Àmọ́ ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ: ṣé tinútinú rẹ lo fi wà níbí?"

Ojú ẹ̀gbọ́n tó ń tanná tẹ́lẹ̀ di ojú ẹlẹ́bẹ̀. "Ọmọ ìyá mi! Sọ fún wọn pé ikùn kan náà la ti jáde!"

Ẹ̀rù kò tíì lọ lára ọmọbìnrin náà. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ là.

"Rárá, mà. Tipátipá ni. Òótọ́ sì ni, ikùn kan náà la ti jáde. Ẹ bá mi kọ ìyẹn náà sí i."

Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló jókòó sí nígbà tó jẹ́rìí ní kóòtù, kí ojú má bàa kan ojú. Adájọ́ ka ìlà tó ní ikùn kan náà ni wọ́n ti jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ló dá fún ẹ̀gbọ́n nítorí òwò èèyàn. Ó tún fi ọdún mẹ́ta lé e, nítorí pé ọmọ ìyá rẹ̀ ló fi ṣòwò.