Afẹ́fẹ́ Inú Páálí

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì, bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tí òun náà jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ló jogún ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ ìlagi, ó sì jogún òfin ibẹ̀: àga tí ẹni tó kàn án kò bá tíì jókòó lé kò gbọdọ̀ jáde.

Lóṣù kẹrin, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àga kéékèèké lórí ọjà orí fóònù. Ohun tó gbé e dé ọ́fíìsì àwọn agbẹ́rù láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn, pẹ̀lú páálí ràgàjì kan ní àyà.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn káńtà. Téépù ìwọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀, pẹ́ńsùlù wà nínú irun rẹ̀, ó ń fi eyín já okùn. Páálí ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ẹni tó gbé e.

"Brọ̀dá, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Àga."

"Ẹyọ kan? Nínú ilé tó tóbi tó báyìí? Àbí ó lóyún ni?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ́rìn-ín; ó ti pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. "Ẹ sáà gbé e sórí ìwọ̀n. Kò wúwo."

"Ààyè tí ẹrù bá gbà nínú ọkọ̀ la fi ń gbowó níbí. Ìdajì owó tẹ́ ẹ fẹ́ san yìí, afẹ́fẹ́ lẹ ń san án fún."

Ó san án. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú páálí méjì. Nígbà tó yá, ó ń wá lọ́wọ́ òfo. Ó ń pe ọmọbìnrin náà ní Téépù, ìyẹn náà ń pè é ní Ọ̀gá Àga.

"Ọ̀gá Àga, ẹrù dà lónìí?"

"Èmi ni ẹrù. Wọ̀n mí."

"Ẹ ò lè wọ páálí tí mo ní. Ẹnu yín ti tóbi jù."

Lọ́jọ́ kan, Téépù ní, "Ẹ ò ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ àga yìí máa yọ? Ẹ tò ó pẹlẹbẹ, kí ẹni tó rà á ti ẹsẹ̀ bọ ọ́ nílé ẹ̀."

Ojú ọkùnrin náà le. "Àga tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yọ kì í ṣe àga. Bàbá mi ò kan irú ẹ̀ rí."

Téépù fa páálí mìíràn súnmọ́ra, ó ń wọ̀n ọ́n.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, gbẹ́nàgbẹ́nà ń ta àádọ́rùn-ún àga lóṣù, ó sì ń yáwó ra igi. Ó rò pé àga kò tíì pọ̀ tó ni kò jẹ́ kí owó kù. Ó bá ẹnì kan dúnàádúrà pé òun yóò ta ẹ̀rọ bàbá òun ní ọjọ́ Sátidé, kí òun lè fi owó rẹ̀ ra igi sí i. Téépù bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ó lọ sílé Téépù láti tọrọ rẹ̀ ní ìyàwó.

Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá Téépù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun àti Téépù nìkan ló kù nínú ilé.

"Mo gbọ́ pé ọjà ẹ ń tà," ni bàbá wí.

"Ó ń tà, sà. Àádọ́rùn-ún lóṣù tó kọjá."

"Mi ò bi ọ́ léèyí tó lọ. Nínú àga kan, èló ló ń kù sí ọ lọ́wọ́?"

"Ó ju ìdajì lọ, sà."

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ni Téépù wí.

Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó mú igi ìṣáná mẹ́wàá jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

"Ká ní mẹ́wàá lowó àga kan. Igi àti vánísì, mẹ́rin." Ó kó mẹ́rin kúrò. "Àwọn ọlọ́jà orí fóònù, ọ̀kan. Ìpolówó tẹ́ ẹ ní kí wọ́n máa ṣe fún yín, ọ̀kan. Páálí àti fóòmù, ọ̀kan. Owó ọkọ̀ tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni, méjì."

Gbẹ́nàgbẹ́nà fi ìka tẹ ẹyọ kan tó kù. "Èyí ṣì wà."

"Nínú àga márùn-ún, ọ̀kan ń padà wá, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti kán. Ẹ̀yin lẹ ń san àlọ, ẹ̀yin lẹ ń san àbọ̀. Ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá." Ó fa igi ìṣáná náà yọ lábẹ́ ìka rẹ̀.

Bàbá wo tábìlì òfìfo náà. "Ọjọ́ tí o fi kan àga ńkọ́? Ìṣáná wo nìyẹn?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà dìde, ó kí bàbá, ó jáde. Téépù bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"O dójú tì mí níwájú bàbá ẹ."

"Mo mọ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ta ẹ̀rọ yẹn, ẹ má padà wá. Mi ò lè máa wọn ìparun yín láàárọ̀, kí n tún wá bá a gbélé."

Òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọkúsọ ló rí.

Ní Sátidé, ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ dé pẹ̀lú ọkọ̀ àti alágbàṣe méjì. Wọ́n ti tú nọ́ọ̀tì méjì lára ẹ̀rọ nígbà tí ọlọ́kadà kan já páálí kan sílẹ̀: àga tó padà wá. Gbẹ́nàgbẹ́nà ya á. Ẹsẹ̀ kan ti kán. Ó ti apá bọ ibi tó ṣófo nínú páálí, apá náà wọlé dé ìgúnpá.

"Ẹ dè é padà," ó wí.

"Ẹ de kí ni padà?"

"Nọ́ọ̀tì yẹn. Mi ò tà mọ́."

"Ẹ̀yin lẹ pè mí o. Epo ọkọ̀ mi ńkọ́?"

Ó san owó epo. Ó tún gba èébú tó bá a wá.

Ó ti ọjà orí fóònù pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ba àga márùn-ún jẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà gbà: ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí wọlé, ó ń yí jáde, kò sí ìṣó kan níbẹ̀. Ó jókòó lé e, ó tú u, ó tún un tò, ó tún jókòó.

Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì, ó tò sẹ́yìn èèyàn mẹ́ta. Téépù wọn páálí pẹlẹbẹ náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìdá kan nínú mẹ́ta owó àtijọ́," ó wí, kò gbójú sókè.

"Mo ti yọ ọ̀fẹ́ kúrò. Mo ti fi owó iṣẹ́ ọwọ́ mi lé e. Ogún péré ni mo lè tà lóṣù báyìí."

"Ṣé ó ń kù?"

"Á máa kù. Mo ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Téépù, má bínú."

"Ta ló ń bínú? Ọjọ́ ni mò ń kà. Ọjọ́ méjìlélógójì."

Ẹni tó wà lẹ́yìn wúkọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò yà fún un. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ẹ lọ bá bàbá mi. Àmọ́ ẹ má sọ fún un mọ́ pé ó ju ìdajì lọ."

Nígbà tó gbé e délé wọn, bàbá Téépù fúnra rẹ̀ ló to àga náà. Ó jókòó lé e. "Ó gbà mí," ó wí. "Máa mú ọmọ mi lọ. Jẹ́ kó máa bá ọ ṣírò."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó lóṣù kejìlá, láìsí ariwo. Èyí ni ohun tí ọmọbìnrin náà fi sílẹ̀ nílé bàbá rẹ̀: ibùsùn tí a tẹ́, dígí tó sán, bàtà òjò ẹsẹ̀ òsì, ìwé ìṣirò kíláàsì kẹrin, tí bàbá rẹ̀ fi yíǹkì pupa kọ "tún un ṣe" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, abọ́ ìjẹun méjì, níbi tí ẹyọ kan ti tó.