Ímeèlì Ta Ni Wọ́n Fi Ṣí Kọ̀ǹpútà Yìí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọyẹ́ sì mú gidigidi ní Kàbbà. Eruku ti bo àga, ó bo fèrèsé, kódà ó wọ inú àwo. Hezekiah jí, ó gbàdúrà, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó sì ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lórí fóòmù, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń sùn sí tẹ́lẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn obìnrin sì jáde.

"Ṣé ó ti ń gbà á? Hezekiah, ṣé ó ti ń gbà á? Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ o. Aṣọ pupa yìí, a kì í kánjú hun ún."

Ọ̀ṣunbíyìí nìyẹn. Ọmọ Òkè-Bùkún ni, ahunṣọ ni, ó sì ti tó ọdún kan ààbọ̀ tó ti kú. Nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kó lè jókòó ti òfì mọ́, ó ní kí ọkọ òun máa fi fóònù gba ohùn òun sílẹ̀. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ pupa tí àwọn Bùnù fi ń bọlá fún àgbà tó bá lọ. Ó ka orúkọ àwọn ìyá tó kọ́ ìyá rẹ̀ níṣẹ́. Ó kọ orin ìdí òfì, ó wúkọ́ kó tó parí orin kan, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ohùn mẹ́tàlélógún ni wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní i.

Lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù Hezekiah kún débi pé kò gba àwòrán kan ṣoṣo mọ́. Fẹ̀hìntọlá, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́kọ́jà, ra kọ̀ǹpútà tuntun fún un, kí ó lè máa fi kọ lẹ́tà ìjọ, kí ó máa fi ya àwòrán àga àti ilẹ̀kùn tó ń kàn, kí ohùn ìyá sì rí ibi tó láyè gbé. Wọ́n kó ohùn náà sínú rẹ̀. Hezekiah sì pa wọ́n rẹ́ lórí fóònù. Lójú tirẹ̀, ohun tuntun ni kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó lè ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, wọ́n mú iná dé. Ó ki ṣájà bọ ògiri, ó fi ìbòrí kọ̀ǹpútà dé e láìpa á, ó wá mú ọ̀kan nínú aṣọ nínípọn tí Ọ̀ṣunbíyìí hun, ó ká a sí méjì, ó fi bò ó dáadáa nítorí eruku. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ so ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Iyamoye.

Nígbà tó dé ní aago mẹ́rin, ó gbóòórùn nǹkan láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó ká aṣọ kúrò. Kọ̀ǹpútà náà gbóná bí irin ìlọṣọ. Ó tẹ bọ́tìnnì. Kò tàn. Ó tún un tẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi aṣọ kan náà wé e, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Jethro tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú ọ̀nà ọjà.

"Okun o, Bàbá," ni Jethro kí i. "Kí lẹ wé bí ọmọ tuntun yìí?"

Hezekiah ṣàlàyé. Jethro yí kọ̀ǹpútà náà dojú bolẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ibí yìí ló fi ń mí. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ á máa gbóná, afẹ́fẹ́ á máa gba ihò yìí wọlé láti tù ú. Ẹ gbé e lé fóòmù, fóòmù dí ihò ìsàlẹ̀. Ẹ fi aṣọ bò ó, aṣọ dí ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ò pa á, ó sì ń gbaná sára láti àárọ̀. Aṣọ yín rẹwà o, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ló ń mú un."

Hezekiah kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé o lè tún un ṣe?"

"Bọ́ọ̀dù tó gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ró ló jóná. Màá wá òmíràn. Ibi tí ẹrù yín wà nínú rẹ̀ yàtọ̀, kò jóná."

Hezekiah dúpẹ́. Fún ọjọ́ mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e, ó ń jí, ó ń jókòó sí etí ibùsùn, kò sì sí ohùn kankan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Jethro pè é. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ti tàn, àmọ́ ojú rẹ̀ aláwọ̀ búlúù ni, kò fi nǹkan kan hàn ju àyè gígùn kan tí wọ́n ní kí ó kọ nọ́ńbà sí.

"Nọ́ńbà wo nìyẹn?"

"Méjìdínláàádọ́ta ni, Bàbá, tò-tò-tò ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ti ti ẹrù inú rẹ̀ pa kí olè tó bá jí i má lè rí nǹkan kan kà. Nígbà tí mo pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ó rò pé wọ́n ti jí òun. Ó ń bèèrè ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Nọ́ńbà náà wà nínú ímeèlì tí wọ́n fi kọ́kọ́ ṣí i. Ẹ ṣí ímeèlì yín, a ó rí i níbẹ̀."

"N kò ní ímeèlì."

Jethro wò ó. "Ímeèlì ta ni wọ́n wá fi ṣí i?"

Ìbéèrè yìí, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí Hezekiah máa gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà náà dé, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù James. James ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kó tó yà sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀wé, ó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. "Ọ̀gá mi, ẹ jókòó, ẹ mu omi tútù," ni James wí. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa wá máa jà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà níwájú èmi." Láàárín wákàtí kan, ó ti parí ohun gbogbo. Ó ní nọ́ńbà mẹ́rin péré ni ọ̀gá òun máa fi máa ṣí i: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fẹ̀hìntọlá bèèrè lórí fóònù pé, "Bàbá mi, ímeèlì ta ni wọ́n fi ṣí i?"

"James ti ṣe gbogbo rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í."

"Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́? Kí n máa bi í léèrè bí ẹni tó fura sí i?"

Ọmọ rere ni Fẹ̀hìntọlá. Bí bàbá rẹ̀ ti fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀, kò bèèrè mọ́.

Nígbà tí Hezekiah sọ èyí tán, Jethro ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ lọ bá James. James rí ọ̀gá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Ímeèlì wo lo fi ṣí ẹ̀rọ mi?"

James fọwọ́ họ orí. "Ọ̀gá mi, mo dá ọ̀kan sílẹ̀ níbí ni. Orúkọ yín ni mo fi sí i, mo fi nọ́ńbà díẹ̀ kún un."

"Páàsíwọọ̀dù rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀, sà."

Jethro jókòó sí kọ̀ǹpútà James, ó wá orúkọ ímeèlì náà títí ó fi rí i. Ó gbìyànjú láti pààrọ̀ páàsíwọọ̀dù. Wọ́n ní àwọn máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, wọ́n sì fi òǹkà méjì tó kẹ́yìn nọ́ńbà náà hàn.

"Láìnì mi àtijọ́ ni," ni James wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Fóònù yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi lórí ọ̀kadà, mi ò sì gba láìnì náà padà. Ó ju ọdún kan lọ."

"Pè é," ni Hezekiah wí.

James pè é. Ó wọlé. Obìnrin kan gbé e, Haúsá ló fi dáhùn. James tó gbọ́ Haúsá ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́: "Hajíyà, don Allah, kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, ẹ bá wa kà á."

"Bàráwò!" ni obìnrin náà pariwo. Olè ló pè wọ́n. Ó pa fóònù, nígbà tí wọ́n sì tún pè é, kò lọ mọ́.

James yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi láìnì yín pè é."

"Má pè é. Ohun tó yẹ ló ṣe. Bí àlejò bá pe Fẹ̀hìntọlá pé kó ka kóòdù fún òun, èmi náà á ní kó pa fóònù."

Hezekiah wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè pé, "James, nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi, bí a bá so ilẹ̀kùn onílé tán, kí la máa ń ṣe kí a tó kó irinṣẹ́?"

"A máa ń fa kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́. A ó ní kó tì í, kó ṣí i, lójú wa."

"Kí ló dé tí o kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Ojú yín ni mò ń wò, sà. Ẹ̀rọ náà ń bèèrè ọjọ́ ìbí yín, ó ń bèèrè nọ́ńbà yín, ó ní kí ẹ mú ọ̀rọ̀ àṣírí wá. Mo rò pé àfojúdi ni kí n máa bi ọ̀gá mi ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n má yọ yín lẹ́nu."

Hezekiah fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó rántí pé òun náà jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yìí fún wákàtí kan, òun ń mu omi tútù, òun kò sì wo ojú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Èmi náà ò bèèrè."

"Ó yẹ kí èmi gan-an bèèrè kí n tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù yẹn," ni Jethro wí. "Mo rò pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n."

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, James gbìyànjú. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ímeèlì, wọ́n ní kí ó mú ẹ̀rí wá, òun fúnra rẹ̀ kò sì rántí ọjọ́ ìbí tó fi dá a sílẹ̀ mọ́. Níkẹyìn Jethro sọ òtítọ́. Ohùn ìyá wà nínú ẹ̀rọ náà, kò jóná, kò sọnù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ mọ́ láyé. Bí Bàbá bá fẹ́ máa lo kọ̀ǹpútà náà, àfi kí wọ́n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ pátápátá, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Fẹ̀hìntọlá wá láti Lọ́kọ́jà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ bọ́tìnnì tí yóò pa á rẹ́."

"Rárá."

Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Hezekiah kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi pé. Fẹ̀hìntọlá sunkún, bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní, "Ó yá. Máa sọ fún mi, kí n máa ṣe é."

Ó ṣe é. Ó dá ímeèlì tirẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ ni ó fi sí i, kí ọ̀kan má baà sọnù kí ọ̀nà dí. Ó yan páàsíwọọ̀dù tó gùn, kì í ṣe ení-èjì-ẹ̀ta-ẹ̀rin. Ó wá nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta tuntun jáde, ó kọ ọ́ sórí ìwé méjì, ọ̀kan wọ inú àpótí ìwé ilẹ̀, Fẹ̀hìntọlá mú èkejì.

"Àtúnṣe tuntun tó bá ń bèèrè, ẹ má máa sún un síwájú," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ohun tí wọ́n fi ń dènà àwọn ọlọ́ṣà orí ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ki ṣájà bọ ògiri kó gba àtúnṣe náà tán."

"Eruku ńkọ́?"

"Ẹ pa á kí ẹ tó bò ó. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, ẹ yọ ṣájà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki fíláàṣì tí ẹ ò mọ ibi tó ti ń bọ̀ bọ̀ ọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá sì fi sínú rẹ̀, kó wà níbi méjì mìíràn."

"Kí ni yóò tún kù láti fi sí i?"

Fẹ̀hìntọlá padà sí Lọ́kọ́jà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Hezekiah lọ sí Òkè-Bùkún, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣunbíyìí. Ìyá àgbà náà gbà láti sọ̀rọ̀, kí Hezekiah sì fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ náà, ó mọ orin mẹ́ta. Kó tó kúrò lágbàlá rẹ̀, Hezekiah ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́jà, ó sì ti dúró kí Fẹ̀hìntọlá ṣí i kó gbọ́ ọ lórí fóònù tirẹ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n ni. Kì í ṣe ti Ọ̀ṣunbíyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹni tó bá ń bá yín ṣí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tuntun, ìbáà jẹ́ ọmọ yín, ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í ní ímeèlì ta ló ń fi sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ má fi ọ̀wọ̀ dákẹ́: ẹ bi àgbà léèrè, kí ẹ sì fa ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín kúrò lórí fóòmù lónìí. Bí ohùn ẹnì kan tí kò sí láyé mọ́ bá sì wà lọ́wọ́ yín níbì kan ṣoṣo, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn nínú ẹbí kí ẹ tó jẹun alẹ́.