Káàdì Márùn-ún Tó Pòórá

Nínú ẹgbàárùn-ún káàdì, márùn-ún péré ló pòórá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n wà fún: ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí "pòórá." Ẹ tún gbọ́ o!

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Atúmọ̀ fi ń kọ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀. Ìtumọ̀ á wà lórí káàdì, gbólóhùn tó gbọ́ lẹ́nu èèyàn á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́. Òǹtẹ̀wé ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bí káàdì kò bá pé, kò ní gbà á.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Atọpinpin fa dúrọ́ọ̀ yọ. Káàdì yòókù wà létòlétò, àfi eruku búlúù létí wọn.

"Ta ló ń wọ yàrá yìí?"

"Akọ̀wé mi, àbúrò mi, ìyàwó mi."

Akọ̀wé na ọwọ́ tí yíǹkì ti sọ di dúdú. "Mà, ohun tí mo bá fọwọ́ kàn kì í funfun mọ́."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Èmi tí n kò mọ̀wé rárá? Gbogbo dúrọ́ọ̀ ni n bá gbé!"

Ìyàwó, tó jẹ́ aránṣọ, gbé omi wọlé, téèpù lọ́rùn rẹ̀. Atọpinpin gba ife. Ó wò ó, kò mu ún.

"Ẹni tó mú márùn-ún péré mọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúdú. Ṣọ́ọ̀kì búlúù tí ẹ fi ń sàmì sáṣọ ló wà létí káàdì. Òun náà ló wà lára ife yìí. Ìyàwó ilé, káàdì dà?"

"Abẹ́ maṣíìnì mi."

"Ìwọ!" Bàbá Atúmọ̀ figbe ta. "Ìwọ tí mo finú hàn jù láyé! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà!"

Ìyàwó kó káàdì wá. "Mà, ẹ ka ìkarùn-ún."

Atọpinpin kà á. "'Ìfẹ́ ọkọ mi ti pòórá lọ́kàn mi.' Ìyàwó mi ló sọ ọ́, lórí fóònù."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Omijé ń bọ́ lójú ìyàwó, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Mo tilẹ̀kùn! Ẹ fetí sí i, ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ kò bi mí pé kí ló dé. Káàdì lẹ lọ mú! Kí àwọn ọmọléèwé máa fi ìbànújẹ́ mi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì!"

"Àpẹẹrẹ tó dáa ni," ọkọ rẹ̀ kùn.

"Olè kan lẹ ní kí n wá mú," Atọpinpin ní. "Méjì ni mo bá."

Ìyàwó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì. "Ó dilé ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, ẹ ní mo ti pòórá."

Bàbá Atúmọ̀ dìde láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá bírò àti káàdì tuntun.