Ọta Inú Iyẹ̀pẹ̀ Ilé Àtijọ́

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí oòrùn ti rọ̀, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ jẹ́jẹ́, ńṣe ni àdúgbò Ẹnu Ọ̀wá máa ń dà bí ẹni tó ń tòògbé. Jímọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà pàápàá ń lá àlá, bẹ́ẹ̀ kò sùn o! Ọta ìbọn méjì ló ń wò, èyí tó fi ẹ̀rọ tí ń wá irin rí nínú iyẹ̀pẹ̀ ilé wọn àtijọ́ tí wọ́n wó. Ọ̀kan jẹ́ òjé roboto. Èkejì jẹ́ idẹ gígùn, ìpẹtà ti bò ó.

"Ti ogun Àgídìngbì tí àwọn òyìnbó gbé ja ìlú wa ni!" ó sọ fún Mùtíátù ìyàwó rẹ̀, tó pọn Haleem ọmọ wọn, tó ń fẹ́ná fún un. "Ó ń ṣe mí bíi pé mò ń gbóhùn àwọn bàbá wa."

Ohùn bàbá kẹ̀? Ẹ máa wò ó.

Bí idẹ bá dọ̀tí, àwọn alágbẹ̀dẹ a máa yan án nínú iná, wọn á sọ ọ́ sómi ọsàn wẹ́wẹ́, á sì mọ́. Jímọ̀ fẹ́ rí òǹkà ìdí ọta idẹ náà kó lè mọ ọdún rẹ̀. Ló bá fi ẹ̀mú mú un, ó nà án síná.

"Bùrọ̀dá Jímọ̀, ẹ dúró!" Mariyah ló pariwo. Ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí ló ti ń ṣiṣẹ́; yẹtí rẹ̀ ló wá gbà. "Orí ọta yẹn ò tíì yọ. Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀!"

"Ẹ̀tù àtayébáyé? Ó ti kú jàre."

"Ta ló sọ fún yín? Tó bá gbóná, ó lè dún! Ẹ rọra gbé e sórí iyanrìn tó jìnnà síná. Ìyá Haleem, ẹ gbọ́mọ jáde!"

Jímọ̀ wo iná, ó wo ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó rọra gbé ọta náà sórí iyanrìn, bí Mùtíátù ṣe ń gbọ́mọ jáde. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Láti òkèèrè, Mariyah fi fóònù ya ìdí ọta náà, ó fẹ àwòrán náà lójú. Òǹkà 42 hàn.

"Ó jọ pé ọdún 1942 ni wọ́n ṣe é, nígbà ogun Hítílà. Láyé Àgídìngbì, ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta. Òjé roboto yẹn ló jọ ti ayé ìgbà náà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n pe ọlọ́pàá, àwọn tó mọ̀ nípa ohun abúgbàù sì wá kó ọta méjèèjì lọ. Haleem jí, ó bú sẹ́kún. Jímọ̀ gbà á mọ́ra.

"Ohùn àwọn tó ti lọ ni mò ń wá," ló wí. "Díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ tìẹ mọ́."

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá rí ọta nínú ilẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má yan án níná, ẹ má ha á, ẹ má fi òòlù lù ú, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe ọlọ́pàá. Ìtàn kì í sá lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín dàgbà gbọ́ ọ.